Ọjọ́ Tí Wúrà Wọ Inú Yìnyín

Lẹ́yìn tí náírà ti já Ẹgbẹ́ Jagunmólú kulẹ̀ lójú ogun, Balógun Súnkànmí pe àwọn olóyè rẹ̀ jọ sí gbọ̀ngàn tí ìjọ wọn ń háyà ní Vaughan, lẹ́bàá Toronto, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ilé ìkẹ́rùsí ni gbọ̀ngàn náà tẹ́lẹ̀, ariwo tírélà tó ń fi ẹ̀yìn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò sì jẹ́ kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ wọni létí dáadáa. Ẹ má fi oyè ogun wọn rẹ́rìn-ín o. Nínú ìjọ tiwa, ẹni tí kò bá jẹ Bàbá Ìjọ, yóò jẹ Balógun Ìjọ. Ẹni tí kò bá jẹ Balógun, yóò jẹ Ọ̀tún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pa ju ẹ̀fọn lọ rí láyé. Balógun tí à ń wí yìí, ẹnjiníà tó ń yẹ afárá wò ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti gẹ fìlà, tó dìde, tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rò pé ojú ogun Ìjàyè ló ń lọ.

Owó tó fa ìgbìmọ̀ náà, owó ilé ìjọsìn ni. Onílé ti sọ pé òun yóò gba gbọ̀ngàn òun lọ́wọ́ wọn, ìjọ sì ń dá owó jọ láti ra ilé tí yóò jẹ́ tiwọn. Ìṣirò wọn àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kó o lọ sí Èkó, kí wọ́n sọ ọ́ di náírà, nítorí èlé orí náírà pọ̀, dọ́là Kánádà sì yàgàn. Náírà bímọ lóòótọ́. Ó ń bímọ, wọ́n ń dúpẹ́, títí di ọjọ́ tí ìjọba ní kí náírà lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, àpapọ̀ ìyá àtọmọ kò tó ìdajì iye tí ìyá nìkan jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó ìyókù padà wá sí Toronto bí ọmọ ogun tó ń kó òkú ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè wojú ẹnìkejì lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn.

Ìbídàpọ̀, Ìyálóde ẹgbẹ́, jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Níbikíbi tó bá wà, ibi tí èèyàn ti lè tètè jáde ló máa ń jókòó sí. Iléeṣẹ́ abánigbófò kan ní Meadowvale ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún un lé lórí ni kó máa ro gbogbo aburú tó lè ṣẹlẹ̀ sí ilé onílé. Ó sì ti ń rò ó lọ́fẹ̀ẹ́ láti kékeré. Ẹ̀rù ń bà á lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, torí ó ti gbọ́ fìnrín ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ọ̀tún Balógun, Tóbilọ́ba, tó ń bá àwọn èèyàn wá ilé rà, ló kọ́kọ́ dìde.

“Balógun, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́,” ó wí. “Paper is paper, sà. Ìjọba kan jókòó síbì kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ìwé ìpolówó ìsọjí. Naira o, dollar o, difference-ẹ̀ ò ju pé ọ̀kan ń kú kíákíá, èkejì ń kú jẹ́jẹ́. Góòlù ńkọ́? Ta ló máa tẹ góòlù?” Ó na fóònù rẹ̀ sókè, ilà tó wà lójú rẹ̀ ń gòkè bí àkàbà. “Ẹ wò ó! Central banks gan-an ń rà á. What are we waiting for?”

Bàbá Ọládipọ̀, tó dàgbà jù nínú wọn, mi orí.

“Tóbi, rọra. Nílé ìyá bàbá mi, yàrá kan wà tó kún fún owó ẹyọ. Ẹ̀yin ọmọ yìí, owó ẹyọ kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ nígbà náà o, owó gidi ni. Kò sì sẹ́ni tó lè tẹ̀ ẹ́, inú òkun ni Ọlọ́run ti ń ṣe é. Àwọn òyìnbó oníṣòwò bá lọ rí ibi tí irú rẹ̀ pọ̀ sí lápá ìlà oòrùn, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Èkó, wọ́n dà á sílẹ̀ bí yanrìn. Nígbà tí èmi fi máa gbọ́njú, àwa ọmọdé ń jù ú lu adìẹ ni.”

“Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé lọ́dún tí ìjọba yí àwọ̀ náírà padà, tí wọ́n ti ibodè pa, ẹ̀gbọ́n yín fi àpò owó bébà dáná,” ni Tóbilọ́ba wí.

“Ó fi dáná. Omi ọbẹ̀ náà ò tilẹ̀ hó,” ni Bàbá Ọládipọ̀ dáhùn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn ẹnikẹ́ni.

Ìbídàpọ̀ nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Owó bébà ń dínkù, mo gbà. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń dínkù, èèyàn á rí i, á lè wá nǹkan ṣe sí i. Nobody will break down my door because of a number in the bank. Góòlù kì í dínkù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa ń lọ, tòun tẹni tó ń ṣọ́ ọ.”

Tóbilọ́ba ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ah-ah, Auntie Ìbí! You too dey fear. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, sísá ló máa sá.”

“Ejò náà lò ń pè ní ekòló yìí,” ni Ìbídàpọ̀ wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò jáde tó.

Wọ́n nawọ́. Wúrà ló borí. Bàbá Ọládipọ̀ gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìtàn ẹyọ rẹ̀, nawọ́ fún wúrà. Ọ̀rọ̀ wá ku ibi tí wọn yóò kó o sí. Báńkì ní àpótí tí àwọn fi ń bá èèyàn tọ́jú nǹkan ti kún, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n máa retí. Ṣé kí wọ́n wá fi í sọ́dọ̀ ẹni tó tà á? Tóbilọ́ba ní èèwọ̀, bébà náà ni ìwé ẹ̀rí tónítọ̀hún máa fún wọn. Balógun bá dìde, ó gẹ fìlà.

“Àwẹ̀ró ni yóò tọ́jú rẹ̀ títí àpótí yóò fi ṣí,” ó wí. Oríkì Ìbídàpọ̀ ló fi pè é. “Ẹni tí àyà rẹ̀ le máa ń sùn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í sùn, ẹni tí kì í sùn sì ni mo fẹ́ fi ṣọ́ ibodè. Àwẹ̀ró, ọmọ a-gbọ́-ìró-ewé-kó-dìde! Ọmọ a-tilẹ̀kùn-tán-kó-tún-un-tì! Ṣé wàá ṣe é?”

Ó yẹ kó ní òun ò ṣe. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń pariwo pé kó má ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kì í, bí wọ́n bá sì ti ń ki ọmọ Yorùbá, ẹnu rẹ̀ kì í rí ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Tóbilọ́ba ní kó fi orí ọmọ rẹ̀ búra. Ibẹ̀ ló ti yarí.

“Mi ò ní fi orí Ìfẹ́ búra. Ẹ lọ gbé góòlù yín fún ẹlòmíràn.”

Balógun bẹ̀ ẹ́, ó sì gbé Bíbélì wá. Bàbá Ọládipọ̀ ní kó fi ọwọ́ kejì di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú, pé bí onígbàgbọ́ bá tilẹ̀ gbàgbé, irin kì í gbàgbé. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, wọn ò sì sọ ọ́ fún pásítọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídàpọ̀ ṣe gbé ọwọ́ kan lé Ìwé Mímọ́, tó fi ọwọ́ kejì di irin mú, tó ní bí òun bá dalẹ̀ ẹgbẹ́, kí ilẹ̀ tí òun ń tẹ̀ má gba òun.

Ọgbọ́n ogun Balógun ni pé kí Ìbídàpọ̀ fi ọkọ̀ ojú irin gbé wúrà náà lọ sílé rẹ̀ ní Milton, ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ lọ sílé. Ó ní kò sẹ́ni tó ń dá ọ̀nà láàárín àwọn tí oorun ń kùn. Ìbídàpọ̀ gba owó wúrà náà ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ike rẹ̀, ó kó wọn sínú àpò aṣọ, ó sì tẹ àpò náà sísàlẹ̀ báàgì tó fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́, abọ́ ìrẹsì sì wà lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo ju ìgò omi kan lọ. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù, pé gbogbo làálàá ìjọ láti ọjọ́ yìí wá, ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé e sá.

Nínú ọkọ̀, ọkùnrin kan jókòó tì í, ó ń ṣí imú sí báàgì rẹ̀. Ìbídàpọ̀ gbá báàgì náà mọ́ra. Ó ka Orin Dáfídì kẹtàlélógún lọ títí dé ìparí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

“That smells amazing,” ni ọkùnrin náà wí nígbẹ̀yìn. “Is it jollof?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, ilé di ibùdó ẹ̀ṣọ́. Ọkọ rẹ̀, Ọláolúwakìítán, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Alberta, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Òun àti Ìfẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni wọ́n jọ wà. Wúrà kọ́kọ́ gbé inú firísà, lábẹ́ ẹja. Ó kó o kúrò níbẹ̀ lọ sínú àpò gàrí, ó tún kó o sínú bàtà òjò, kò sí ibi tó gbé e sí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó wá ọ̀já tó fi pọn Ìfẹ́ nígbà èwe jáde, ó sì ń fi gbá àpò náà mọ́ ikùn lábẹ́ súwẹ́tà. Bó bá fẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà, ilé ìjọsìn wà níkùn rẹ̀.

“Mum, you're being so weird,” ni Ìfẹ́ wí. “You check the door like every five minutes.”

“Ó sàn kí n yẹ̀ ẹ́ wò ju kí wọ́n ṣí i lọ,” ni ìyá rẹ̀ dáhùn. “Ìwọ sáà má ṣílẹ̀kùn fẹ́nikẹ́ni.”

“Okay, okay. I heard you.”

Wúrà ń gbówó lórí sí i. Láràárọ̀ ni Tóbilọ́ba ń fi àwòrán àkàbà rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, tí wọ́n ń fi àtẹ́wọ́ dá a lóhùn. Títí tí ọdún tuntun fi dé, tí yìnyín bo ilẹ̀, ohun tí náírà jẹ ti ń padà bọ̀ wálé. Bó bá dákẹ́ síbẹ̀ ni, ǹ bá má ní ìtàn kankan láti sọ. Ṣùgbọ́n àwa ni a mọ ara wa. Ọmọ wa lè fi àìsàn pamọ́, ó lè fi gbèsè pamọ́, àmọ́ kò sí bó ṣe lè fi ẹ̀rí pamọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi Ìdúpẹ́ oṣù Kejì, nígbà tí kámẹ́rà ń tan ìsìn káàkiri ayé, Balógun Súnkànmí jó lọ síwájú, ó gba gbohùngbohùn.

“Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni!” ó ké. “Ìjọ Ọlọ́run, ohun tí náírà jẹ, Olúwa ti fi góòlù dá a padà! Ẹ bá mi kí Sister Ìbídàpọ̀! Inú ilé rẹ̀ ní Milton ni góòlù yẹn wà báyìí, àwọn áńgẹ́lì ló sì yí i ká! Praise the Lord!”

Alelúyà tí ìjọ kọ mi òrùlé irin gbọ̀ngàn náà. Wọ́n yíjú sí Ìbídàpọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́ sí i. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ìbídàpọ̀ sáré lọ bá Rónkẹ́, ọmọbìnrin tó ń bójú tó kámẹ́rà.

“Rónkẹ́, jọ̀ọ́, yọ ibi tí Balógun ti sọ̀rọ̀ kúrò.”

“Auntie, it was live o. Wọ́n ti share ẹ̀ káàkiri. See, people are typing Amen.”

Ìbídàpọ̀ gba fóònù náà. Ó ń ka orúkọ gbogbo àwọn tó ṣe Àmín, ó ń wá èyí tó lè jẹ́ ti olè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mọ́tò kan tó ní àwọ̀ eérú bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí ìparí òpópónà wọn. Àwọn ilé àdúgbò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni, wọ́n jọra wọn, kò sì sí ìdí tí àlejò fi máa dúró síbẹ̀ láì wọlé ẹnikẹ́ni. Èéfín ń jáde nídìí ọkọ̀ náà. Èèyàn wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Ìbídàpọ̀ pe ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn yóò máa gba ibẹ̀ kọjá. Ó pe Balógun.

“Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n,” ni Balógun wí, bí ẹni pé kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló pe ogun náà wá. “Má mikàn. A máa kó ara wa wá lọ́jọ́ Sátidé, a máa gbé e kúrò níbẹ̀.”

“Balógun, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá lónìí.”

“Àwẹ̀ró! Ojúmọ́ kan péré!”

Ojúmọ́ Sátidé mọ́ pẹ̀lú yìnyín tí kò jẹ́ kéèyàn rí iwájú. Ó ti rọ̀ mọ́jú, ó dé eékún, ó bo àtẹ̀gùn, ó bo àwọn mọ́tò, ó sì ti ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ Jagunmólú gbéra ní Vaughan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, Balógun pè láti ojú ọ̀nà márosẹ̀ pé àwọn kò lè lọ síwájú, àwọn kò lè padà, tírélà kan ti dábùú ọ̀nà. Ìbídàpọ̀ dúró lójú fèrèsé òkè tó kọjú sí títì, níbi tó ti dúró láti ìgbà tó ti jí. Mọ́tò aláwọ̀ eérú wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbá yìnyín kúrò lójú gíláàsì rẹ̀.

Aago ẹnu ọ̀nà dún.

“Mum! It's my package, I'll get it!” ni Ìfẹ́ ké láti ìsàlẹ̀. Ó ti ń retí bàtà kan tó rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ mélòó kan.

Ìbídàpọ̀ wo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin méjì ló dúró níwájú ilẹ̀kùn nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè bíi ti àwọn tó ń pín ẹrù kiri, ọ̀kan gbé páálí dání. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù kankan kò wọ òpópónà náà láti òwúrọ̀. Ipasẹ̀ wọn nínú yìnyín wá tààrà láti ìdí mọ́tò aláwọ̀ eérú.

“Ìfẹ́! Má ṣí i! Má ṣílẹ̀kùn!”

“Relax, it's literally just…”

Kọ́kọ́rọ́ ti yí. Ilẹ̀kùn gbá ògiri, férémù rẹ̀ ya. Páálí ṣubú, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìbídàpọ̀ dé orí àtẹ̀gùn, ó rí i pé ọ̀kan nínú wọn ti di ọmọ òun mú ní ẹ̀yìn ọrùn.

“Where's the gold?”

“Mummy!” ni Ìfẹ́ ké. Láti ìgbà tó ti wọ high school, kò pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé Ìbídàpọ̀ jókòó ronú. Kò rántí ìjọ, kò rántí Bíbélì, kò rántí irin. Ó já ọ̀já tó wà níkùn rẹ̀, ó sáré padà sí yàrá, ó sì ṣí fèrèsé gbayawu.

“It's here! Take it! It's here!”

Ó fi gbogbo agbára sọ ọ́ síta. Àpò náà tú lófuurufú. Owó wúrà fọ́n ká, wọ́n kọ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì rì sínú yìnyín tó jìn, láìsí ìró kankan. Ọwọ́ tó di Ìfẹ́ mú tú. Àwọn ọkùnrin náà já síta, wọ́n wólẹ̀ lórí eékún, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán wa yìnyín bí ajá.

Ìbídàpọ̀ bọ́ sísàlẹ̀, kò mọ iye àtẹ̀gùn tó tẹ̀. Ó wọ́ ọmọ rẹ̀ gba ilé ìdáná, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé láìwọ bàtà lọ sílé Rayyan, aládùúgbò wọn. Rayyan wà níta tẹ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ ro yìnyín kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó wo àwọn tó ń wa ilẹ̀ níwájú ilé wọn, ó fi fóònù pe ọlọ́pàá, ó sì ti ẹ̀rọ tó ń bú ramúramù náà lọ sápá ọ̀dọ̀ wọn.

“Hey! Cops are coming! Hey!”

Ogun náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fèèrè ọlọ́pàá dún lókèèrè, àwọn ọkùnrin náà sì ṣubú lé ara wọn lọ sínú mọ́tò wọn. Ìbídàpọ̀ jókòó sílẹ̀ nínú ilé Rayyan, ó gbé ẹsẹ̀ Ìfẹ́ sáyà, ó ń fi ọwọ́ ra á kó lè gbóná. Ìfẹ́ ń gbọ̀n. Òun náà ń gbọ̀n.

Àwọn ọlọ́pàá ti béèrè ọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti lọ, kí ẹgbẹ́ ogun tó dé. Balógun ló ṣíwájú. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn tó ya, ó sì bọ́ fìlà.

“Góòlù ńkọ́?” ni Tóbilọ́ba béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọmọ ńkọ́?” ni Balógun béèrè.

“Ìfẹ́ wà lọ́dọ̀ Rayyan,” ni Ìbídàpọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ. “Góòlù yín wà nínú snow. Èmi ni mo sọ ọ́ síbẹ̀. Ìbúra tí mo ṣe, mo ti dà á. Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi mí ṣe.”

Bàbá Ọládipọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ó lọ tààrà sí ilé ìdáná, ó gbé asẹ́ ògì jáde. Àwọn yòókù bá tẹ̀ lé e. Wọ́n kó asẹ́, wọ́n kó ajere, wọ́n fi mọ́tò Balógun dí ẹnu ọ̀nà, kí katakata tó ń wọ́ yìnyín má baà kó owó ìjọ lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin àti obìnrin kúnlẹ̀ nínú kóòtù nípọn, wọ́n ń bu yìnyín, wọ́n ń jọ̀ ọ́, wọ́n ń pariwo “Jésù!” bí ọ̀kan bá ta kọ̀ọ́ nínú asẹ́. Àwọn aládùúgbò dúró lójú fèrèsé, wọn ò mọ irú ìsìn tó jẹ́. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí wọn ò rí, wọ́n sì gbà pé olè ló mú un lọ.

Wọ́n kó ìyókù sórí tábìlì ilé ìdáná. Omi yìnyín ń ṣàn kúrò lára wọn sórí aṣọ tábìlì. Ìbídàpọ̀ wò wọ́n, ó sì sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹ gbé e lọ,” ó wí. “Kò gbọdọ̀ sùn nílé mi mọ́ láé.”

“Dájúdájú,” ni Balógun wí. “Tóbi, ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀ jù. Gbé e lọ sílé rẹ.”

Tóbilọ́ba fọwọ́ kan imú. “Balógun, ẹ ò mọ̀ ni, condo ni mò ń gbé. Àwọn tó ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀ ò lóǹkà. And my kids are still small, sà.”

“Bàbá?”

“Ọmọ mi ló gbà mí sílé,” ni Bàbá Ọládipọ̀ dáhùn. “A kì í gbé irú ìyẹn wọlé onílé.”

Balógun yí ojú kiri. Ẹnìkan rántí pé ìyàwó òun ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ẹlòmíràn ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé òun kì í tì dáadáa. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìbọ̀wọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó nawọ́ sókè ní Vaughan, ọwọ́ wọn wà nínú àpò kóòtù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bébà, kò sẹ́ni tó fi fóònù hàn.

Balógun kó owó wúrà náà sínú àpò aṣọ fúnra rẹ̀, ó fi sínú kóòtù, ó sì dé bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó rìn dé ibi ilẹ̀kùn tó ya. Ó dúró síbẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, kò jìnnà ju kéèyàn nahùn pe ẹnìkan lọ. Òpópónà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Iná mọ́tò kan yọ ní ìkángun rẹ̀, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Balógun sún sẹ́yìn wọ inú ilé.

“Àwẹ̀ró,” ó pè, kò sì wẹ̀yìn. “Jọ̀ọ́, wá sìn mí dé ìdí mọ́tò.”

Ìbídàpọ̀ wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Ó rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ kóòtù, ṣùgbọ́n rírí tó rí i kò dùn mọ́ ọn, kò sì mú ọkàn òun fúyẹ́ rárá, nítorí ẹ̀rù tó ń ba òun náà kò tíì kúrò níbì kan. Ó wá bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ síwájú rẹ̀ sínú yìnyín, Balógun sì tẹ̀ lé e.